Àyè Tí Ìyá Fi Sílẹ̀ Nínú Sinimá

Láyé ìjọba alágbádá, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti ìlú òyìnbó dé pẹ̀lú kámẹ́rà kan tó ń ya sinimá. Ó ní àwọn òyìnbó máa ń kó ẹbí wọn lọ síbì kan láti sinmi, wọn a sì ya gbogbo ohun tí ojú wọn bá rí. Bàbá wa, tí wọ́n jẹ́ akọ̀wé kóòtù ní Ọ̀wọ̀, kò gba ìsinmi rí. Wọ́n ní bó bá jẹ́ ti ìsinmi ni, oko kòkó àwọn ń bẹ ní Òkèlúsè, ká lọ sinmi níbẹ̀. Bí a ṣe kó sínú ọkọ̀ Píjó Bàbá nìyẹn, Bàbá níwájú pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n mi, èmi àti Ìyá àti ẹrù lẹ́yìn.

Bàbá kì í bá Ìyá rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí a bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, Bàbá a wà níwájú, Ìyá a máa bọ̀ lẹ́yìn, Bíbélì àwọn méjèèjì lọ́wọ́. Àwọn aládùúgbò a ní bí ìgbín bá ń fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e. Ìyá a rẹ́rìn-ín, a sì dá wọn lóhùn pé ẹ̀yìn ni ìgbín ń gbé ìkarahun tirẹ̀ sí, àwọn kò tíì rí ẹni tó gbé àwọn. Kò sí fọ́tò kankan tí Bàbá àti Ìyá jọ dúró sí. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn, onífọ́tò kò wá. Láti ìgbà náà, bí Ìyá bá ti dárúkọ fọ́tò, Bàbá a ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Nítorí náà, ohun kan ṣoṣo ni Ìyá fẹ́ nínú gbogbo ìrìn àjò yẹn. Wọ́n sọ ọ́ fún mi nígbà tí a kọjá Ifọ̀n, pé àwọn á dúró ti ọkọ àwọn nínú àwòrán kí àwọn tó kú. Mo ní ó dáa. Ọmọ ilé-ìwé girama ni mí nígbà yẹn, ohun tí mo ń wá kò ju kí eruku ọyẹ́ má wọ imú mi lọ.

Ní oko, ẹ̀gbọ́n mi ya ewúrẹ́, ó ya ibi tí wọ́n ń sá kòkó sí, ó ya èmi níbi tí mo ti ń jẹ ọsàn. Ìyọnu rẹ̀ ni pé kò sí àgbàlagbà kan tó gbà láti mira. Àwọn alágbàro tò bí òpó ilé. Wọ́n ní fọ́tò ẹni tó bá mira, iwin ló ń jáde. Ó ń ṣàlàyé títí pé kì í ṣe fọ́tò, pé kí wọ́n máa rìn. Wọ́n dá a lóhùn láì mi ètè.

Ìyá wọ aṣọ tí ìyá wọn hun fún wọn, wọ́n bọ́ sábẹ́ igi máńgòrò. Wọn kò dúró láàárín. Wọ́n sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n fi àyè ẹnì kan sílẹ̀, wọ́n wá ránṣẹ́ pe Bàbá. Bàbá ń bá àwọn alágbàro kan jà nítorí koríko tí wọn kò ro dáadáa. Bàbá ní àwọn ń bọ̀. Ìyá tún ránṣẹ́. Bàbá ní àwọn ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní fíìmù ti fẹ́ tán, ó gbé kámẹ́rà sójú, ó ní kí Ìyá máa rìn bọ̀ wá bá òun.

“Dúró ná,” ni Ìyá wí. “Bàbá yín ń bọ̀.”

Fíìmù tán. Nígbà tí Bàbá dé, kámẹ́rà ti wà nínú àpò. Wọ́n ní ká máa lọ, ilẹ̀ ti ń ṣú.

Kí òjò ọdún tó tẹ̀ lé e tó dá, Ìyá ti kú. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n pè é. Mi ò sunkún. Mò ń fọ abọ́, mò ń gba àlejò, mò ń dáhùn pé a dúpẹ́. Inú mi kò dùn, kò sì bàjẹ́. Ó kàn dákẹ́, bí yàrá tí wọ́n ti kó ẹrù inú rẹ̀ kúrò. Ìdákẹ́ yẹn bà mí lẹ́rù ju ikú lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi, tó ti padà sí ìlú òyìnbó, wálé wá sìnkú, ó sì gbé fíìmù náà wá, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń gbé e sára ògiri. Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, a ti fèrèsé pálọ̀ lọ́sàn-án gangan, a ta aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun. Sinimá náà kò ní ohùn. Ewúrẹ́ kọjá. Mo rí ara mi, omi ọsàn lágbọ̀n. Lẹ́yìn náà ni Ìyá dé, wọ́n ga bí wọ́n ṣe ga láyé. Ewé máńgòrò ń mì lókè orí wọn, Ìyá dúró gbọnyin, àyè kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹnu wọn nìkan ló mì, lẹ́ẹ̀kan.

“Kí ló sọ?” Bàbá bi wá.

Èmi ni mo dáhùn. “Wọ́n ní ká dúró ná, pé ẹ ń bọ̀.”

Bàbá dìde. Wọ́n tún fìlà wọn ṣe, wọ́n rìn lọ síbi aṣọ funfun náà, wọ́n dúró sínú àyè yẹn, wọ́n kọjú sí wa, ọwọ́ méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Òjìji ewé ń mì lára dàńṣíkí wọn. Fíìmù tán, iná funfun nìkan ló kù lójú wọn, wọn kò mira.

“Ṣé ó ti ya wá?”

“Ó ti ya yín, Bàbá,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí.