Awò Ojú Tí Mo Fi Ń Gbọ́rọ̀

Ọdún kẹtàlélógún rèé tí mo ti ń ránṣọ ní Pobè. Kò sí ọrùn ẹ̀wù tí n ò lè gé. Mo kọ́kọ́ sọ èyí kí ẹ lè mọ ohun tí mo rò pé àwọn èèyàn á fi máa rántí mi.

Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Sakété ló ní kí n máa kọ́ àwọn èèyàn níṣẹ́ lórí pọ́táábù, ìyẹn fóònù, kí wọ́n máa wò mí bí mo ṣe ń gé aṣọ lọ́wọ́. Dírẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè é. Gbogbo ọ̀sán Sátidé ni mo ń ṣe é. Bí èrò bá pọ̀ jù, mọ́kànlá ni wọ́n, àbúrò mi sì jẹ́ méjì nínú wọn, torí pọ́táábù méjì ló ní.

Lọ́jọ́ kan, bí mo ṣe ń fi ẹfun sàmì sí aṣọ, ọkùnrin kan tí n ò mọ̀ rí kọ̀wé sí mi pé wákàtí méjì péré lòun fi rán aṣọ ìgbéyàwó ìyàwó òun, òun ò sì wọ̀n ọ́n rárá, ojú lásán lòun fi wò ó. Mo dáwọ́ dúró. Mo fa awò ojú mi, tí àwa ń pè ní lúnẹ́ẹ̀tì, láti orí wá sójú, mo sì sún mọ́ pọ́táábù.

"Ẹ jọ̀ọ́," ni mo wí, "ẹ jẹ́ n fi lúnẹ́ẹ̀tì mi sójú ná. N ò gbọ́ yín dáadáa."

Mo sì padà sídìí iṣẹ́ mi.

Ẹnì kan gé ibẹ̀ yẹn nìkan nínú fídíò náà. N ò tíì mọ onítọ̀hún títí dòní. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àbúrò mi fi í ránṣẹ́ sí mi: ojú mi rèé, lúnẹ́ẹ̀tì ń sọ̀ kalẹ̀, ó tún ń sọ̀ kalẹ̀. Ó ní ẹni tí wọ́n bá parọ́ fún ló ń fi í fèsì. Òṣèlú ṣèlérí, wọ́n á gbé ojú mi sí i. Ọmọ iléèwé ní òun gba ogún nínú ogún, ojú mi tún ni.

Mo lọ gbàwé kan ní bìró, ìyẹn ọ́fíìsì ìjọba. Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ní, "Màmá, ọ̀la ló máa jáde." Ó na fọ́ọ̀mù sí mi. Lẹ́tà ibẹ̀ kéré, ni mo bá fi lúnẹ́ẹ̀tì sójú. Gbogbo ẹni tó jókòó bú sẹ́rìn-ín. Òṣìṣẹ́ náà wò mí bí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, ó ní, "Màmá, mo búra, ọ̀la ni." Ọjọ́ kejì ló sì jáde lóòótọ́.

Ti ọkọ mi ló dùn mí jù. Ó wà lóko ní Towé, mo kọ̀wé sí i pé oúnjẹ máa tètè jinná. Ojú mi ló fi dá mi lóhùn.

Nígbà tó wọlé, mo bi í pé, "Ta ló fún yín nírú nǹkan yìí?"

"Gbogbo Towé ló ní in," ló wí, ó sì jókòó de oúnjẹ. Ó pẹ́ kó tó jẹun.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, èèyàn tó ń wò mí lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Mo ti lọ aṣọ mi, inú mi dùn. Àmọ́ kò sẹ́ni tó bèèrè ọ̀rọ̀ ọrùn ẹ̀wù. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń kọ: "Màmá, lúnẹ́ẹ̀tì." Mo kọ̀, mo gbé e sínú àpótí. N ò wá rí ojú ẹfun mọ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́tàlélógún, mo gé aṣọ dànù, níṣojú ẹgbẹ̀rún mẹ́ta èèyàn. Láàárín oṣù kan wọ́n ti lọ tán, ó ku èmi àti pọ́táábù méjì àbúrò mi.

Obìnrin kan wá láti Takon lọ́sẹ̀ tó kọjá, òun àti ọmọ rẹ̀. Ó bá mi ya fọ́tò. Ìgbà náà ló tó rí ẹ̀rọ ìránṣọ tó wà lẹ́yìn mi.

"Màmá, ẹ tún máa ń ránṣọ ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, díẹ̀díẹ̀. Ó ní ọmọ òun nílò aṣọ funfun fún ìsìn. Mo wọn ọmọ náà lẹ́ẹ̀mejì, mo sì rán aṣọ náà fún un. Ọrùn ẹ̀wù náà jókòó dáadáa.