Ẹni Tó Jókòó Nínú Èéfín

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé àlá ni mo lá. Ọ̀sán gangan ni, lásìkò ìkórè kajú, ojú mi sì là sílẹ̀ kedere. Nígbà náà, bí mo bá tiẹ̀ sùn, ojú mi kì í pa dé. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, mo rí i, inú sì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Aránṣọ ni mí ní Manigri. Ọkàn mi kàn bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì, ọwọ́ mi ń gbọ̀n débi pé mi ò lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́. Lẹ́yìn náà ni ẹyinjú mi ń yọ síta. Àwọn ọmọ àdúgbò ń pè mí ní alákàn. Èmi náà á dá wọn lóhùn pé ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, kí wọ́n ṣọ́ra wọn. Ẹ gbà mí gbọ́, bí wọ́n bá ti lọ tán, ẹkún ni.

Dókítà tó yẹ̀ mí wò ní Bassila ní ẹ̀yà ara kékeré kan ní ọ̀fun mi, tí wọ́n ń pè ní ẹṣẹ́, ló ń ṣiṣẹ́ àṣejù, àìsàn yẹn náà ló sì mú kí ẹran ẹ̀yìn ojú mi wú, tó ń ti ẹyinjú síta. Ó fún mi ní oògùn ojoojúmọ́ àti omi tí n óò máa kán sójú. Ó kọ́ mi bí n óò ṣe máa fi pílásítà lẹ ìpéǹpéjú pa kí n tó sùn. Ó ní bí àìsàn náà bá rọlẹ̀ tí ojú kò padà, wọ́n á ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi ní Kútọnu. Wọ́n á yọ díẹ̀ nínú eegun ẹ̀yìn ojú, kí ẹyinjú lè ráyè wọlé padà.

"Má dá oògùn dúró o," ló wí. "Sì sá fún èéfín. Ti sìgá pàápàá."

Ilé ni ìjà wà. Bàbá Láwàní, àbúrò bàbá mi tó di olórí ilé wa, ní, "Lópítà ò mọ àjẹ́." Ó ní àjẹ́ ẹ̀gbọ́n òun, Ìyá Rékíyà, ló wọ̀ mí lára.

Ojú Ìyá Rékíyà ti yọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Bàbá Láwàní yìí náà ló fẹ́ èéfín sí wọn lójú nínú ahéré oko kajú rẹ̀, títí wọ́n fi fọ́jú. Ibẹ̀ ni wọ́n kú sí. Ojú wọn là sílẹ̀, kò sì sí ẹni tó gbójúgbóyà láti fọwọ́ pa á dé. Bẹ́ẹ̀ la ṣe sin wọ́n. Ọmọ ìyá rẹ̀ ni o!

Ẹ má bá mi wí pé mò ń pe àgbà ní "ó". Ọ̀wọ̀ yẹn ti jóná.

Ó da gbogbo oògùn mi sí ṣáláńgá. Èmi náà gọ̀, mo tẹ̀ lé e lọ sí ahéré. Mo ro pé àgbà kì í ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Títí di òní, mi ò tíì dárí ji ara mi.

Ó kó ewé tútù àti èèpo kajú lé iná, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ èéfín sí mi. Ẹni tó bá ti sun èèpo kajú rí mọ bó ṣe ń ta. Ojú ń ta mí bíi pé wọ́n da ata sí i, kò sì ṣeé pa dé. Mo kígbe.

"Àjẹ́ ló ń ké yẹn," ló wí.

Ìgbà náà ni mo rí i pé a ti di mẹ́ta.

Obìnrin kan jókòó níwájú mi láàárín èéfín, ìborùn funfun lórí. Ojú wọn yọ síta bíi tèmi, kò sì ṣẹ́ rárá. Èéfín ń gba ara wọn kọjá. Mo ti mọ̀ wọ́n kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

Wọ́n sọ ọ́ jẹ́jẹ́ sí mi pé, "Dìde, ọmọ mi. Èyí ló fọ́ mi lójú."

Wọ́n wá kọjú sẹ́nu ọ̀nà. "Láwàní, o ò tíì pa ojú mi dé."

Mo búra fún yín, abẹ̀bẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe èmi ló ń wò. "Ẹ̀gbọ́n mi," ló ń wí, "ẹ̀gbọ́n mi, ẹ forí jì mí."

Mo fò kọjá lórí iná, mo fo òun náà kọjá lẹ́nu ọ̀nà, mo sá dé títì. Ọlọ́kọ̀ kan tó ń bọ̀ láti oko ló gbé mi dé Bassila.

Dókítà bínú sí mi, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Egbò ti wà lójú mi òsì. Mo padà sídìí oògùn, wọ́n fa omi oògùn sí mi lára ní Kútọnu, nígbà tí àìsàn náà sì rọlẹ̀, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Ẹyinjú mi padà sí àyè rẹ̀, mo sì lè pa ojú mi dé fúnra mi. Ṣùgbọ́n ti òsì kò ríran mọ́. Ti ọ̀tún nìkan ni mo fi ń ránṣọ.

Bàbá Láwàní ní òun kò rí ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà. Irọ́ ló ń pa.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Sàfúra, ọmọ rẹ̀ obìnrin, wá wọn aṣọ lọ́dọ̀ mi. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo gbé ojú rẹ̀ sókè, mo rí i pé ó ti ń yọ. Lọ́jọ́ kejì, mo rí bàbá rẹ̀ tó gbé ìdì ewé tútù lérí, tó dorí kọ ọ̀nà oko.

Mo gba ọ̀nà àbùjá ṣáájú rẹ̀. Kò sí iná nínú ahéré, kò sí ènìyàn, síbẹ̀ èéfín ń rú jáde lẹ́nu ọ̀nà. Ẹnìkan ń wúkọ́ nínú rẹ̀. Mi ò wọlé. Mo sáré padà, mo mú Sàfúra lọ rí dókítà ní Bassila.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, bí ojú ẹnìkan bá ń yọ nílé yín, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ, kí ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi èéfín kàn án.

Ìwọ Láwàní, Sàfúra wà lọ́dọ̀ mi, oògùn rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ mi. Bí o bá fẹ́ lọ sí ahéré, ìwọ nìkan ni kí o lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ ṣì ń retí pé kí o wá pa ojú wọn dé.