Ìwé Àṣẹ Láti Gun Òkè Ìyá Mi

Orí òkè olókùúta kan lẹ́yìn Ìkòyí-Ilé ni abúlé tí wọ́n bí ìyá mi sí wà. Ó ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́tàlá nígbà tí ìjọba sọ ibẹ̀ di igbó ọba, tí wọ́n ní kí gbogbo ará abúlé kó kúrò. Bí wọ́n ṣe di ará Ògbómọ̀ṣọ́ nìyẹn. Ìyá tó bí ìyá mi nìkan ni kò bá wọn wá. Ó ti kú ṣáájú, ẹ̀yìnkùlé wọn lórí òkè níbẹ̀ ni wọ́n sin ín sí.

Lọ́dún 1988, orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í da ìyá mi láàmú. Ó pè mí, ó ní, “Ìwọ tíṣà, mú mi lọ kí ìyá mi, kí ẹsẹ̀ yìí tó kọ̀ mí sílẹ̀.”

Mo rò pé ìrìn ọjọ́ kan ṣoṣo ni. A wọkọ̀ ní Ọjà Ìgbó lọ sí Ìkòyí-Ilé, alùpùpù méjì sì gbé wa dé ẹnu igbó. Ẹ̀ṣọ́ kan jáde sí wa.

“Ẹ kú ìrìn, mà. Ìwé àṣẹ yín dà?”

“Ìwé àṣẹ wo?”

“Ọ́fíìsì wa ní Ọ̀yọ́ ló ń fúnni. Ohun àjogúnbá tí ìjọba ń dáàbò bò ló wà níbí.”

Ìyá mi wò ó. “Àjogúnbá ta ni?”

Ọkùnrin náà nawọ́ sí ọ̀nà tí a gbà wá. A padà sílé.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ìwé wa láti lọ sí Ọ̀yọ́ nítorí ìwé yẹn. Lákọ̀ọ́kọ́, ọ̀gá tó máa fọwọ́ sí i ti lọ sí mítìn-ín n'Íbàdàn. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ní fọ́ọ̀mù ti tán. Mo rìn láti ibẹ̀ dé ọjà Akẹ̀sán nínú oòrùn, mo ń bá ara mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Lẹ́ẹ̀kẹta, akọ̀wé kan fún mi ní fọ́ọ̀mù.

“Ìwádìí ni àbí ìgbafẹ́, mà?”

“Ìyá mi fẹ́ dé ojú oórì ìyá rẹ̀ ni.”

“Ìyẹn ò sí nínú fọ́ọ̀mù. Méjì péré ló wà níbẹ̀.”

Mo bá a jiyàn títí. Kò gbóhùn sókè sí mi rárá, ìyẹn gan-an ló tún mú kí inú bí mi sí i. “Ẹ ṣáà kọ ìgbafẹ́, mà, kó lè yá.” Mo kọ ọ́. Ìgbafẹ́! Lójú oórì!

Aago mẹ́wàá ni wọ́n kọ sínú ìwé pé ká wọlé, ká sì jáde ní aago méjì. Ṣùgbọ́n nígbà tí a padà dé ẹnu igbó, ẹ̀ṣọ́ tó máa mú wa gòkè kò yọjú títí ọ̀sán fi pọ́n. Ìgbà tó dé, kò bẹ̀bẹ̀. Ìyá mi ń fi ọwọ́ ti orúnkún, ó ń gun òkè díẹ̀díẹ̀.

A dé ibi tí ojú ọlọ pọ̀ sí lára àpáta, wọ́n ti jinlẹ̀ bí abọ́. Ẹ̀ṣọ́ náà dúró, ó nahùn bí ẹni ń ka ìwé: “Ibí ni àwọn jagunjagun ayé àtijọ́ ti ń lọ ọkà.”

“Jagunjagun kẹ̀?” ni ìyá mi wí. “Ìyá mi ló ń lọ̀ ọ́. Èyí tó kéré yìí ni wọ́n fi kọ́ mi.” Ó bẹ̀rẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.

“Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, wọn ò gbà kí àlejò fọwọ́ kàn án.”

Kíá ni ìyá mi yọ ọwọ́, bí ọmọ tí wọ́n bá nídìí ìkòkò ọbẹ̀. Mo bú mọ́ ọkùnrin náà. Mo sọ oríṣiríṣi. Ìyá mi ló dá mi lẹ́kun. “Má pariwo mọ́ ọn. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló ń jẹ́.”

Ẹ̀ṣọ́ náà wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó ní àkókò ti lọ, ká máa sọ̀ kalẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́, kò gbà. Ó ní wọn yóò gbaṣẹ́ lọ́wọ́ òun. Ìyá mi nawọ́ sí igi osè kan ní òdìkejì àfonífojì. “Ẹ̀yìn osè yẹn ni.” Ó kúnlẹ̀ síbi tó wà. “Ìyá mi, mo wá o. Wọn ò jẹ́ kí n dé ọ̀dọ̀ yín.”

Ẹ̀ṣọ́ náà kọ̀yìn sí wa títí ìyá mi fi dìde.

Èmi náà mọ̀ pé bí wọn ò bá ṣọ́ igbó yẹn, àwọn ọdẹ ì bá ti pa ẹran ibẹ̀ tán, àwọn agégẹdú ì bá sì ti gé igi rẹ̀ run. N kò sọ pé kí wọ́n má ṣọ́ ọ. Mo kọ lẹ́tà sí Ọ̀yọ́ lẹ́ẹ̀mejì láti ṣàlàyé èyí, pé kí wọ́n ṣáà jẹ́ ká dé ojú oórì náà. Àkọ́kọ́ kò lésì. Ìkejì, fọ́ọ̀mù mìíràn ni wọ́n fi ránṣẹ́, láìsí ọ̀rọ̀ kan lórí rẹ̀. Nígbà yẹn, ọ̀pá ni ìyá mi fi ń dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní kí n fi wọ́n sílẹ̀. Mo fi wọ́n sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi lórí ọ̀rọ̀ náà.