Ọwọ́ Tó Ń Pa Áísì

Wọ́n ní ọwọ́ mi ń pa áísì, ẹ̀yà kékeré inú ẹ̀rọ. Tí mo bá rántí ẹ̀ títí dòní, inú á ṣì bí mi.

Lóòótọ́, mo ti ba nǹkan jẹ́ láyé mi. Kíláàsì tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ físíìsì ni mo ti sá kúrò ní sùkúù, ni mo bá lọ kọ́ṣẹ́ iná. Ẹ rí orí òpè! Ṣọ́ọ̀bù méjì ló ti lé mi. Ìyá mi ní, “Ṣọ́ọ̀bù yìí ni ìkẹyìn o. Tí wọ́n bá tún lé ẹ, oko kòkó bùọ̀dá mi n’Íléṣà lò ń lọ.” Èmi tí mo ń sá fún ekòló!

Olówógbowó ni ṣọ́ọ̀bù wa wà. Ẹ̀rọ máíkì ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí là ń tún ṣe. Lọ́dún yẹn, ọyẹ́ mú débi pé ètè ń bẹ́, ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀gá mi wá tẹ́ rọ́ọ̀gì náílọ́ọ̀nù pupa sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ bàtà gun orí ẹ̀. Nígbà tí mo bọ́ tèmi, ọ̀gá mi fi ọwọ́ bo imú.

“Wọ sọ́kìsì, jọ̀ọ́. Àwọn kọsítọ́mà ń sá lọ.”

Bí mo ṣe di oní-sọ́kìsì nìyẹn. Mò ń fẹsẹ̀ wọ́ lórí rọ́ọ̀gì láàárọ̀ dalẹ́.

Ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè kan, mọ́ṣáláṣí kan ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó gbé míkísà wọn wá, àpótí tó ń da ohùn máíkì pọ̀, wọ́n fẹ́ lò ó ní Jímọ́ọ̀. Áísì kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ tó ń sọ ohùn tíntín di ohùn ńlá ló kú. Mo fi tuntun sí i, ó kú. Mo fi òmíràn sí i, òun náà kú. Ẹ̀kẹta wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ló bá dákẹ́.

“Ọwọ́ ẹ ń pa áísì!” ni ọ̀gá mi pariwo. “Tí ọ̀kan bá tún kú, má wá mọ́.”

Ìyá oníbúrẹ́dì tó wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ́. Nígbà tí mo nawọ́ gba búrẹ́dì, wọ́n gbé e sórí tábìlì fún mi. Búrẹ́dì! Ṣé búrẹ́dì náà ní ẹsẹ̀ mẹ́jọ ni?

Mo fi ìbínú lọ bá bàbá Ìjẹ̀bú tó ń ta áísì fún wa n’Ídúmọ̀tà.

“Bàbá, fèékì lẹ̀ ń tà!”

Wọ́n wo sọ́kìsì ẹsẹ̀ mi. “Tó o bá di irin ilẹ̀kùn mú ní ṣọ́ọ̀bù yín, ṣé ó máa ń ta ẹ́?”

“Bí àkekèé, sà.”

“Iná ara ẹ nìyẹn. Tí sọ́kìsì bá ń ha rọ́ọ̀gì nínú ọyẹ́, ara á kó iná jọ. Èyí tí o ò tiẹ̀ mọ̀ lára gan-an, áísì ò lè gbà á. Fóòmù dúdú tí mo fi wé wọn kí iná má bàa kàn wọ́n ńkọ́?”

“Ó dọ̀tí, mo jù ú nù. Náílọ́ọ̀nù ni mo kó wọn sí. Mo tún fi ṣẹ́ẹ̀tì nu ẹsẹ̀ wọn.”

Bàbá di orí mú. “O bọ́ ọmọ tuntun síhòòhò nínú ọyẹ́!”

Wọ́n fún mi ní áísì kan nínú fóòmù dúdú, àti wáyà tó ní rẹ́sítọ̀ láàárín, kí iná ńlá má bàa gbé mi lọ tí ọwọ́ mi bá ṣèèṣì kàn án. Wọ́n ní kí n so ó mọ́ ọrùn ọwọ́ mi, kí n so ìdí ẹ̀ mọ́ páìpù omi, kí iná ara mi lè máa bọ́ sílẹ̀. Wọ́n tún fún mi ní díóòdù méjì tí mo máa fi sẹ́nu ọ̀nà máíkì bíi mágádì, torí ọwọ́ ààfáà náà ní iná lásìkò ọyẹ́.

Mo padà, mo bọ́ sọ́kìsì, mo so ara mi mọ́ páìpù.

Ọ̀gá mi wọlé. “Ta ló so ewúrẹ́ mọ́ ṣọ́ọ̀bù mi?”

Ìyá oníbúrẹ́dì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Mo fi áísì sí i, mo fi mágádì méjèèjì sẹ́nu ọ̀nà, mo tan iná, mo sọ̀rọ̀ sí máíkì: “Haló.”

Ohùn mi jáde, ó mọ́ kedere.

Ọ̀gá mi fa wáyà ọwọ́ mi wò. “Ṣebí mo sọ fún ẹ? Nígbà tá a dè é lókùn, ṣé ọwọ́ ẹ tún pa nǹkan?”

Àwọn ará mọ́ṣáláṣí dé. Ọ̀gá mi nàka sí mi: “Èmi ni mo ní kó so ara ẹ̀ bẹ́ẹ̀.” Ọ̀gá wá yíjú sí mi: “Tètè dé lọ́la, míkísà méjì ń bọ̀.”

Mo dìde láti bá ọ̀gá mi jà. Wáyà náà ò gùn tó.