Adìyẹ Tí Omi Wàrà Wà Nínú Rẹ̀

Bí o bá pe "Ìyá Ìbejì" ládùúgbò wa n'Ígbó-Ọrà, obìnrin mẹ́ta lè dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pe Làtíífàt ní Ìyá Àmírà. Ẹ̀gúsí ló ń tà. Á jókòó sábẹ́ igi ọdán iwájú ilé wọn, á máa bó ẹ̀gúsí sínú igbá, ọkàn rẹ̀ á sì ti rìn lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. O lè kí i lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbọ́. Á wá rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ọ, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀nà jíjìn dé.

Àmírà àti Rùkáyyàh ìkejì rẹ̀ jọra débi pé bàbá wọn pàápàá máa ń ṣì wọ́n pè. Mílíìkì nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ìrìn, wọ́n bù ú díẹ̀ sínú ògì fún àwọn méjèèjì. Kò ṣe Rùkáyyàh ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n ara Àmírà lé wúlewùle. Láti ọjọ́ náà ni mílíìkì àti wàrà ti di èèwọ̀ nílé wọn. Kódà, Làtíífàt kì í ra búrẹ́dì láìbi ẹni tó ṣe é ohun tó pò mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ta ni í bi adìyẹ léèrè?

Ọyẹ́ mú gan-an lọ́dún náà. Ní Sátidé kan tí kùrukùru bo ìlú, tí oòrùn funfun bí òṣùpá, Làtíífàt yà sí ṣọ́ọ̀bù Ọmọ́tárá, ẹni tó ń ta ẹja àti adìyẹ inú yìnyín. Ó ṣí fíríìsà, èéfín tútù gbéra sókè, àfi bí ẹni pé inú ibẹ̀ gan-an ni ọyẹ́ ń gbé. Ó mú ọ̀rá sọ́sééjì adìyẹ kan. Àwòrán àwọn ọmọdé tó ń rẹ́rìn-ín wà lára rẹ̀. Àwòrán yẹn ló wò.

Àmírà ò tíì jẹ méjì tán tí ètè rẹ̀ fi wú.

"Màámi, ọ̀fun ń yún mi."

Kò pẹ́ tí èémí rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Làtíífàt pọ̀n ọ́n, ó gun ọ̀kadà. Ó sọ fún wa lẹ́yìn náà pé ọ̀nà ilé ìwòsàn, tí kò jìnnà rárá, gùn lójú òun bí ọ̀nà inú àlá. Igi kaṣú ń yọ nínú kùrukùru, wọ́n tún ń wọ inú rẹ̀ padà. Òun ò gbọ́ ariwo ọ̀kadà. Èémí ọmọ ẹ̀yìn òun nìkan lòun ń gbọ́, òun sì ń bá a mí in, bí ẹni ń bá ọmọ ru ẹrù.

Nọ́ọ̀sì Tinúkẹ́ ò bèèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀ kó tó gún Àmírà lábẹ́rẹ́ nítan. Nígbà tó yá, wíwú ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, ọmọ náà sì sùn.

"Kí ló jẹ, Ìyá Àmírà?"

"Adìyẹ ni, mà. Adìyẹ lásán."

"Ọ̀rá rẹ̀ ńkọ́?"

Hàkímù ọkọ Làtíífàt, tó ti oko dé tòun ti eruku lẹ́sẹ̀, ló lọ mú un wá láti ilé. Làtíífàt fúnra rẹ̀ ló ka ẹ̀yìn ọ̀rá náà, díẹ̀díẹ̀, nítorí ìwé mẹ́fà ló kà: adìyẹ, omi, ìyẹ̀fun, iyọ̀.

"Kò sí mílíìkì níbẹ̀, mà."

Nọ́ọ̀sì fi ìka sí ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn iyọ̀. "Èyí ńkọ́? Wéè ni wọ́n ń pè é. Ṣé ẹ mọ omi tó máa ń ro sílẹ̀ lára wàrà àwọn ìyá Fúlàní?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Òun nìyẹn. Wọ́n mú kó gbẹ, wọ́n pò ó mọ́ ẹran. Mílíìkì náà ni, orúkọ ló yàtọ̀."

Láti kékeré ni Làtíífàt ti ń rí omi funfun yẹn tó ń kán sínú iyẹ̀pẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Ó wá dà bí ẹni pé ó ṣàn lábẹ́ ilẹ̀ lọ sí ìlú òkèèrè, tó gbé àwọ̀ adìyẹ wọ̀, tó sì padà wá wá ọmọ òun nílé.

Nígbà tí ara Àmírà yá, tí Làtíífàt tún dé ṣọ́ọ̀bù Ọmọ́tárá, ó ṣí fíríìsà, ó sì dúró pẹ́ nídìí rẹ̀.

"Ìyá Àmírà, yìnyín mi ń yọ́," Ọmọ́tárá wí. "Adìyẹ ṣáà ni adìyẹ."

Làtíífàt wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ọmọ́tárá fìdí lélẹ̀.

"Ọwọ́ mi lẹ ti rà á?"

"Ọwọ́ yín ni. Ẹ ò mọ̀, èmi náà ò mọ̀."

Ọmọ́tárá wá awò ojú rẹ̀, àwọn méjèèjì sì tẹ̀ sínú èéfín tútù náà. Wọ́n ń fi àtàǹpàkò nu yìnyín kúrò lára ọ̀rá, lẹ́tà ń yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n dá ọ̀pọ̀ padà. Nígbà tó ṣe, wọ́n rí ọ̀kan: adìyẹ, omi, iyọ̀, ata. Ó tán. Làtíífàt tún un kà, ó sì ní kí Ọmọ́tárá náà kà á sókè.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, àwọn ìbejì jẹun nínú abọ́ kan ṣoṣo. Ìyá wọn jókòó tì wọ́n, kò lọ síbì kankan lọ́kàn. Àmírà lá ìka rẹ̀.

"Màámi, ṣé ó kù?"

"Ó kù," Làtíífàt dáhùn, "ṣùgbọ́n ti bàbá yín ni."