Ilé Amọ̀ fún Ẹ̀rọ Olórin

Èmi ò mọ orin kọ. Bí mo bá la ẹnu nílé, ewúrẹ́ á dìde kúrò lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n orin tí ẹ̀rọ ń kọ, èyí tí kò sẹ́ni tó fi ọ̀fun kọ ọ́, tí ìró rẹ̀ ń ròkè tó ń rodò, tí bíìtì rẹ̀ ń kì láìsinmi, ìyẹn ni mo fẹ́ràn ju oúnjẹ lọ. Mo máa ń fi íápíìsì gbọ́ ọ nínú bọ́ọ̀sì láti Ìlọrin dé yunifásítì wa ní Malete, màá máa mi orí títí àwọn èrò á fi máa wò mí bóyá orí mi pé. Nígbà tó yá, gbígbọ́ nìkan ò tó mi mọ́. Mo fẹ́ ṣe èyí tó jẹ́ tèmi.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún rédíò ṣe ní àdúgbò Ṣàngó, wọ́n á sì fún mi ní páńẹ́ẹ̀lì rédíò tó ti kú. Mo ń tú wọn nílé, mo ń fi lẹ́ẹ̀dì jó wọn mọ́ra wọn, ọwọ́ mi ń jóná, mo ń bú waya bí ẹni ń bú èèyàn. Oṣù mẹ́ta gbáko kí nǹkan náà tó dún. Ó ní bọ́tìnì yíyí mẹ́jọ. Ọ̀kan ń gbé ohùn sókè, ọ̀kan ń mú un kánjú, àwọn yòókù, kí n má parọ́, èmi náà ò mọ gbogbo iṣẹ́ wọn tán. Inú páálí bísíkíìtì ló ń gbé. Bí mo bá gbé e nílẹ̀, waya kan á já. Bí mo bá so ìyẹn, òmíràn á já. Bàbá mi, tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa, á yọjú sí mi: "Ṣé eku lò ń sìn síbẹ̀ ni?"

Ìyá tó bí bàbá mi, ìyá àgbà wa, amọ̀kòkò ni wọ́n. Láti kékeré ni wọ́n ti wà ní ẹbu, ibi tí àwọn obìnrin àdúgbò wa ti ń mọ ìkòkò tí wọ́n ti ń sun ún. Lọ́dún tó kọjá, àìsàn kan ṣe wọ́n, ọwọ́ ọ̀tún wọn sì di aláìlágbára. Ara wọn yá, ọwọ́ náà ń padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá mi ò fẹ́ gbọ́. "Ìyá, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó. Tí Iléyá bá ti kọjá, ẹ jẹ́ ká pín àwọn ohun èlò yín fún àwọn ará ẹbu." Ìyá àgbà ò jiyàn. Wọ́n kàn ń jókòó sójú kan látàárọ̀, wọn ò sì jẹun kánú mọ́. Ó dùn mí gan-an. Gbogbo ilé ló mọ̀ pé bí ọwọ́ yẹn ò bá mọ nǹkan gidi kan kí Iléyá tó dé, ó parí nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, ìyá àgbà gbọ́ ẹ̀rọ mi.

"Kí ló ń ké nínú páálí yẹn?"

"Orin ni, Ìyá."

Wọ́n fetí sí i, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Orogún mi." Bí wọ́n ṣe máa ń pè mí nìyẹn, torí pé nígbà ayé bàbá àgbà, ìyàwó òun ni wọ́n máa ń pè mí. "Ẹni tó ń kọ irú orin yìí ò yẹ lẹ́ni tí í gbénú páálí. Èmi ni màá kọ́lé fún un."

Mo fò sókè. Oṣù tó ń bọ̀ ni ọjọ́ àfihàn iṣẹ́ ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Malete, ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú Iléyá, orúkọ mi sì ti wà níbẹ̀. Mo gbé rúlà, mo gbé bébà, mo wọn ẹ̀rọ náà látòkè délẹ̀, mo ya àwòrán rẹ̀. Ẹ wò mí bí mo ṣe ń pàṣẹ fún obìnrin tó ti ń mọ ìkòkò kí wọ́n tó bí bàbá mi: "Ihò bọ́tìnì nìyí o, Ìyá. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó fẹ̀ jù."

"Ṣé bó ṣe wà nínú bébà yìí gẹ́lẹ́ lo fẹ́ ẹ?"

"Gẹ́lẹ́!"

"Ó dáa." Mo rí i pé ẹ̀rín fẹ́ pa wọ́n, mi ò sì bèèrè ohun tó fà á.

Àárọ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi mọ ọ́n. Ọwọ́ ọ̀tún ń gbọ̀n, wọ́n ń fi tòsì dì í mú. Nígbà tó gbẹ, wọ́n sun ún pẹ̀lú ìkòkò àwọn yòókù. Bó ṣe gbóná lọ́wọ́, wọ́n wọ́n omi èèpo èso igi irú sí i, ó dúdú, ó ń dán. Mo gbé e sáré délé. Mo fẹ́ ti ẹ̀rọ wọlé, kò wọlé. Mo dà á délẹ̀, mo yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò wọlé. Kò sí bọ́tìnì kan ṣoṣo tó gba ihò rẹ̀ kọjá.

Inú bí mi débi pé mo sáré padà sí ẹbu. "Ta ló dín in kù?"

Àwọn obìnrin ibẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ọ̀kan fi jókòó sílẹ̀. Ìyá àgbà ní, "Amọ̀ tó bá ń gbẹ á súnkì. Tí iná bá jó o, á tún súnkì. Ọmọdé ẹbu mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"Mo bi ọ́. O ní gẹ́lẹ́. Ìwọ lo mọ̀wé, mo ní bóyá amọ̀ á gbọ́ òyìnbó."

Ibẹ̀ ì bá ti parí sí ẹ̀rín. Àmọ́ nígbà tí bàbá mi rí ìkòkò náà nílé, tí wọ́n rí ẹ̀rọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ní, "Kò gbà á?" Mo ní kò gbà á. Wọ́n wo ìyá wọn tàánútàánú. "Ìyá, ẹ ò rí i? Ọwọ́ yín ti rẹ̀." Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ti ń fi sáyẹ́ǹsì fọ́nnu káàkiri ilé, ojú gbà mí tì, kẹ́kẹ́ pa mọ́ mi lẹ́nu. Ìyá àgbà wò mí lẹ́ẹ̀kan. Wọn ò tú mi fó. Ká ní wọ́n tilẹ̀ bú mi ni, ara ì bá tù mí.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Wọ́n gbé ẹ̀rọ lé itan, wọ́n dijú, wọ́n fọwọ́ pa á yíká bí ẹni ń wẹ ọmọ, wọ́n wá fi ìbú ìka kan kún un níhìn-ín, ìka méjì lọ́hùn-ún. Èmi ń po amọ̀, mi ò fọwọ́ kan rúlà. Nígbà tó jinná tán, wọ́n fi ìka gbá a, wọ́n gbé etí sí i láti mọ̀ bóyá ó sán. Ó dún kóó! Orí mi wú. "Ìyá, ẹ tún gbá a!" Mo yọ irin pẹlẹbẹ kékeré tó ń dún nínú aago tábìlì kan tó ti bàjẹ́, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ilé amọ̀ náà, mo fi waya so ó mọ́ ẹ̀rọ, mo ti ẹ̀rọ wọlé, ó gbà á wẹ́kú. Báyìí, béèyàn bá fìka gbá ilé, ẹ̀rọ á gba ìró náà, á sọ ọ́ di bíìtì. Ìyá àgbà gbá a títí ọ̀sán, wọ́n sì jẹ àwo ìrẹsì méjì lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí ọjọ́ àfihàn pé, bàbá mi bá wa lọ sí Malete torí wọn ò fẹ́ kí ìyá wọn wọkọ̀ láìsí àwọn níbẹ̀. Nígbà tó kàn mí, mo yí bọ́tìnì, ohùn jáde, ó ń gun òkè. Mo gbá amọ̀, bíìtì wọlé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ hó yèè, ijó bẹ̀rẹ̀. Mo yọjú wo bàbá mi: orí wọn ń mì díẹ̀díẹ̀. Bí a ṣe ṣe ojú mẹ́rin, wọ́n dá a dúró.

Olùkọ́ kan bèèrè ẹni tó fi amọ̀ mọ ilé ẹ̀rọ náà. Mo ní ìyá àgbà mi ni. Àtẹ́wọ́ sọ. Mo wá rí bàbá mi tí wọ́n ń wo ọwọ́ ọ̀tún ìyá wọn, mo sì mọ̀ pé bí mi ò bá sọ ọ́ báyìí, mi ò ní lè sọ ọ́ mọ́.

"Èkejì nìyí," mo ní nínú máìkì. "Àkọ́kọ́ kéré jù. Bàbá mi rò pé ọwọ́ ìyá wọn ló fà á. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo wọ̀n ọ́n ṣì, mi ò mọ̀ pé amọ̀ ń súnkì. Ìyá mọ ọ́n gẹ́lẹ́ bí mo ṣe ní kí wọ́n mọ ọ́n, mo sì dákẹ́."

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, àyàfi bàbá mi. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n ní, "Subuhanalahi! O wá jẹ́ kí n máa dá ọwọ́ tí ò ṣẹ̀ lẹ́bi?"

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá. Ìyá, ẹ má bínú."

"Ẹnu rẹ ni mo ti ń dúró dè," ni ìyá àgbà wí.

Bàbá mi yíjú sí wọn. "Ìyá, ìgbà wo lẹ fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ẹbu?"

"Lọ́la."

"Ẹ jẹ́ kí Iléyá kọjá."

"Lọ́la."

Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí àwọn ọmọ kéú lọ tán, bàbá mi fúnra wọn ru amọ̀ wọ ẹbu pẹ̀lú jálámíà funfun lọ́rùn. Omi amọ̀ ń kán sí wọn léjìká. Àwọn obìnrin ń kí wọn, "Àlùfáà, ẹ kú iṣẹ́ o!", wọ́n ń fọwọ́ bo ẹ̀rín. Bàbá mi ní mi ò gbọdọ̀ ya àwọn ní fọ́tò. Wọlahi, mo ti yà á. Wọ́n sọ amọ̀ kalẹ̀ níwájú ìyá wọn.

"Ṣé ó tó, Ìyá?"

Ìyá àgbà ki ọwọ́ ọ̀tún bọ amọ̀ náà, wọ́n fún un pọ̀ dáadáa.

"Kò tó."

Bàbá mi yí padà, wọ́n lọ ru òmíràn wá.