Ẹ̀rọ Àwòrán Tí Mo Yàn ní Lomé

Kí àwọn ọdún 1970 tó parí ni wọ́n rán èmi àti ìyá agbẹ̀bí ilé ìwòsàn wa lọ sí Lomé, pé ká lọ yan ẹ̀rọ tó ń ju àwòrán sára ògiri. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Agbonou, ní Atakpamé, nígbà náà, mi ò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Wọ́n fẹ́ kí a máa fi àwòrán nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára han àwọn ìyá níbikíbi tí wọ́n bá ti pé jọ, ìbáà ṣe ọjọ́ ìwọ̀n ọmọ tàbí ọjọ́ àjọ̀dún ìjọ.

Ọkọ̀ ojú irin la wọ̀ lọ. Ẹ̀rọ méjì ni oníṣọ́ọ̀bù gbé ka orí tábìlì. Ọ̀kan tóbi, ó ń dán, ó ní àwo róbótó tó ń gba àwòrán púpọ̀, tó sì ń yí fúnra rẹ̀. Iná mànàmáná ló ń lò. Èkejì kò ju àpótí bàtà lọ. Ọwọ́ lèèyàn fi ń ki àwòrán bọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, iná rẹ̀ sì ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n bátìrì mọ́tò lè gbé e ṣiṣẹ́.

Ìyá agbẹ̀bí gbé ọwọ́ lé èyí kékeré.

"Ọmọ mi, èyí ni ká gbé. Kò síná ní Akparé. Kò síná ní abúlé kankan tí à ń lọ."

"Màmá, ta ni yóò rí nǹkan nínú iná bàìbàì yìí? Tí a bá gbé e síwájú àwọn àgbà ìlú, ṣé wọn ò ní fi wá rẹ́rìn-ín?"

"Àgbà ìlú kọ́ ló ń gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́."

Mo ní a ó máa yá jẹnẹrétọ̀. Èmi ni mo gbọ́ Faransé jù, ọwọ́ mi sì ni lẹ́tà ilé ìwòsàn tí a ó fi gba ẹ̀rọ wà. Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí èyí kékeré. A gbé èyí tó tóbi.

Lọ́jọ́ àjọ̀dún, a fi aṣọ dúdú bo fèrèsé gbọ̀ngàn ìjọ ní Atakpamé. Nígbà tí ojú ọmọ kan yọ gbàgàdà lára ògiri, gbogbo ilé hó yèè. Àwọn àgbà bọ̀ mí lọ́wọ́. Orí mi wú.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ kò fẹ́ kó kúrò nílé ọtí rẹ̀. À ń sún ọjọ́ Akparé síwájú: ó di ẹ̀yìn ìkórè, ó di ẹ̀yìn Kérésìmesì. Ẹnu lásán la fi ń bá wọn sọ̀rọ̀ níbẹ̀, àwọn ìyá sì ń sọ pé abẹ́rẹ́ ló ń dá ibà sílẹ̀.

Nígbà ọyẹ́, èéyi, àrùn tí abẹ́rẹ́ wa ń dènà, wọ Akparé. Lágboolé àkọ́kọ́ tí mo yà sí, obìnrin kan jókòó lórí ẹní, ó gbé ọmọ lé ẹsẹ̀. Ojú ọmọ náà pọ́n, ó ń mí gúlegúle. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjì ti wà nínú ilẹ̀ lẹ́yìn ilé.

"Dókítà," ó ní, "wọ́n ní ẹ ní àwòrán kan tí ẹ ń fi han àwọn ará ìlú. Kí ló dé tí ẹ ò gbé e wá bá wa?"

"Kò síná níbí, ìyá."

"Ṣé ẹ ò mọ̀ pé kò síná níbí kí ẹ tó rà á ni?"

Mo kúnlẹ̀, mo fọwọ́ kan iwájú orí ọmọ náà. Ọmọ náà kú kí oòrùn tó kan àtàrí.

Mi ò lè búra pé àwòrán ì bá ti yí wọn lọ́kàn padà. Àwọn kan wò ó ní Atakpamé, wọn ò sì gbé ọmọ wá. Ohun tí mo mọ̀ ni pé èmi ni mi ò jẹ́ kí àwọn ará Akparé rí i rárá.

Ìyá agbẹ̀bí dé lọ́sàn-án, ó ń tọ́jú àwọn ọmọ láti ilé dé ilé. Mo ń retí kó sọ pé òun ti sọ fún mi. Kò sọ ọ́. Nígbà tí ara mi ò gbà á mọ́, mo ní, "Màmá, èmi ni mo fà á."

Ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi. "Bu omi sí mi lọ́wọ́ kí n fọ̀ ọ́. Ilé mẹ́ta ṣì kù."